Ìṣirò Tí Sàúdátù Fi Ìka Kọ́

Sàúdátù kò ríran. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ ti fọ́, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Abẹ́ àtíbàbà mẹkáníìkì tí Àbúbákr bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Asese ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, títí bàbá náà fi fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ kan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó wí fún Àjíbíkẹ́, olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, "ẹ ṣáà jẹ́ kó máa jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Mi ò ní dandan ni kó mọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àjíbíkẹ́ lára. Ó gba ọwọ́ ọmọ náà, ó fi í jókòó síwájú.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ dà wọ́n láàmú. Àwọn yòókù ń ka bọ́ọ̀lù tí olùkọ́ yà sí ojú pátákó. Sàúdátù kàn ń ké tẹ̀lé wọn ni, "Ení, èjì, ẹ̀ta," láìmọ ohun tí wọ́n ń kà. Nígbà tí Àjíbíkẹ́ délé ní Lotto, ó ṣa kóró àgbálùmọ̀ jọ, ó tọrọ páálí ẹyin lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ó sì gé e sí ihò mẹ́wàá mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé páálí méjì síwájú ọmọ náà. Kóró kún inú ọ̀kan. Nínú èkejì, ihò mẹ́rin ló ṣófo.

"Fọwọ́ wá ibi tó ṣófo."

Ìka Sàúdátù rìn díẹ̀díẹ̀. "Mẹ́rin ni ò sí níbẹ̀, Àǹtí."

"Tí gbogbo ẹ̀ bá kún ńkọ́?"

"Ogún."

"Ó wá dín mẹ́rin."

Ọmọ náà tún fọwọ́ kan ihò wọ̀nyẹn. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rìndínlógún! Àǹtí, ó ti wà nínú orúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀!"

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó ríran pàápàá ń jà du páálí náà.

Àárín ìsinmi ni ìjọba gbé Àjíbíkẹ́ lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní Owódé Ẹ̀gbá. Kò ráyè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé ẹni tó bá gba kíláàsì òun á rí àwọn páálí yẹn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á sì yé e.

Nígbà tó padà wá wò wọ́n, ilé-ìwé ti wọlé tipẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà ló ti bá Sàúdátù.

"Sàúdátù, èmi ni o."

Ọmọ náà mọ ohùn rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Àǹtí, ẹ ti lọ," ó wí jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ara mọ́tò kan lọ sẹ́yìn, kò sì yọjú mọ́.

Àbúbákr nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Olùkọ́ tuntun yẹn ò burú, àwọn ọmọ ló pọ̀ jù fún un. Ojú pátákó ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí. Àwọn ọmọ wá ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi n'Íkìrun."

"Ha! Ta ló máa kọ́ ọ níbẹ̀?"

"Àǹtí, ta ló ń kọ́ ọ níbí?"

Ilé-ìwé ni Àjíbíkẹ́ gbà lọ. Folúkẹ́, olùkọ́ tuntun náà, káwọ́ lérí. "Mo rí páálí wọ̀nyẹn, Àǹtí. Mo rò pé pàǹtí ni, mo bá kó wọn dànù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó sọ. Àwọn méjèèjì jókòó, Àjíbíkẹ́ fi gbogbo rẹ̀ hàn án, omi sì lé sí Folúkẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jọ padà lọ bẹ Àbúbákr, ọmọ ti dé Ìkìrun.

Ní Owódé, Àjíbíkẹ́ kì í dá kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó máa ń pe olùkọ́ kíláàsì kejì wá wò, á ní kí òun náà gbìyànjú ẹ̀. Tí wọ́n bá yìn ín, ńṣe ló máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti bi Àbúbákr léèrè títí bóyá ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun ti fi ọmọ náà sílé-ìwé. "A ṣì ń wò ó ná," ni bàbá náà máa ń wí.