Ilé Ìṣọ́ Bàbá Àgbà ní Bodè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sabon Zongo, ní Accra, èèyàn kì í déédéé wọ ilé wa. Bàbá Àgbà, baba tó bí bàbá mi, ti ṣe sójà nígbà ogun Hítílà. Àwọn àti sójà díẹ̀ ni ìjọba kó sínú ilé ìṣọ́ kékeré kan ní bodè Togo, kí ọ̀tá má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ogun parí, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá kanlẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọ́n á pariwo pé, "Ta nìyẹn?" A ó dáhùn pé, "Àbókí!" Ọ̀rẹ́ nìyẹn lédè Hausa, èdè tí àwọn sójà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí o kò bá dáhùn, ìta lo wà nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó jẹ́ pé pàṣán nìkan lẹ jẹ, ẹ ò tíì jìyà. Tiwa ni pé kí a gbé ọmọ odó lé èjìká bí ìbọn, kí a dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí àwọn tó kù ń jẹ wáákye, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tí òórùn ata ṣítò ń fà wá nímú. Bàbá Àgbà á ní, "Ẹni tó ń ṣọ́nà kì í wo abọ́." Àìmọye ẹja mi ni àbúrò mi ti jẹ báyẹn.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ tirotiro lọ sí bodè láti tọ́jú ilé ìṣọ́ náà. Ọdún tí wọ́n mú mi dání, ẹnu yà mí: kò ju ilé ìdáná wa lọ, ihò tóóró tí ìbọn ń gbà yọjú sì wà lára ògiri. Bàbá Àgbà bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní ibà pa sójà ẹlẹgbẹ́ wọn kan síbẹ̀. Mo gbálẹ̀, wọ́n fi ẹfun kun ògiri.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀dọ́ aṣọ́bodè kan fi yọ sí wa. Ó fi èdè Twi béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Bàbá Àgbà nàró ṣánṣán, tayọ̀tayọ̀, wọ́n ní, "Àbókí!" Ọmọkùnrin náà wo ilà ojú wọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ pè wọ́n pé, "Alata, ìwé rẹ dà? Ta ló ní kí àlejò wọ ibí?"

Inú bí mi. Bàbá Àgbà wọ bàtà wọn. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, a sì forí lé Accra. Láti ọjọ́ náà, bí a bá kanlẹ̀kùn, wọ́n kàn ń ṣí i ni, wọn ò béèrè nǹkan kan mọ́. Títí wọ́n fi kú, ó ń dùn mí.

Láìpẹ́ yìí, mo mú ọmọ ọmọ mi lọ síbẹ̀, mo gbé ìgbálẹ̀ dání. N ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òórùn ìtọ̀ fi pàdé mi. Àwọn awakọ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń fa síìpù ṣòkòtò. Mo pariwo lé wọn lórí; wọ́n ní kí ìyá àgbà má bínú, pé ilé tí kò lónílé ni.

Kò lónílé kẹ̀! Nígbà náà, ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣọ́ ilé yìí ni aṣọ́bodè bi léèrè ìwé. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ ń wọlé fàlàlà, kò sì sí ẹni tó máa bi í pé, "Ta nìyẹn?"