Bàbá Láídé, Ẹni Tó Ń Ta Ọ̀rọ̀ Bí Ẹni Ń Ta Àgbò

Kò sí ẹni tó gbé ní Agége tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Láídé bá obìnrin òyìnbó kan nájà lórí kọ̀ǹpútà, tó sì dìde bí ẹni ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Nùréènì Làsísì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Láídé, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ó wọ bùbá funfun, ó dé fìlà, ó sì wọ ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀ níbi tí ojú fídíò kò lè dé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ń gbé Kánádà, bẹ́ẹ̀dì ajá ló ń tà. Ó ń wá ẹni tó máa kọ ogún àròkọ fún òun nípa bẹ́ẹ̀dì ajá, ó ní òun á san àádọ́ta dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ná an, bí ìgbà tí wọ́n ń ná àgbò Iléyá gẹ́lẹ́ ni.

"Igba dọ́là," ni Bàbá Láídé wí.

"Igba kẹ̀? Ẹni tó ń kọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, ọgbọ̀n ló ń gbà."

"Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ó dáa, ọgọ́ta."

"Màdáámù, ajá tí ẹ fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún yìí, ṣé ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ọgọ́rin. Mi ò lè kọjá ibẹ̀."

Bàbá Láídé dìde. Kò pa kọ̀ǹpútà o. Ó rọra yọ́ kúrò lójú fídíò, ó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òyìnbó wá ń wo àga òfìfo àti garawa omi kan. Modinat ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, káwọ́ lérí.

"Bàbá Láídé, ẹ ti lé kọ́sítọ́mà lọ!"

"Dákẹ́. Òun ló máa pè mí."

Ìṣẹ́jú kan kọjá, ó di méjì. Ni ohùn bá ta jáde nínú kọ̀ǹpútà: "Mísítà Làsísì? Mísítà Làsísì! Ó dáa, ọgọ́jọ!"

"Ẹ fi mẹ́wàá lé e!" Bàbá Láídé fò jáde látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìdùnnú kò jẹ́ kó rántí ohun tó wọ̀ nísàlẹ̀. Òyìnbó rí ṣòkòtò péńpé, ó rí orúnkún méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi mẹ́wàá lé e.

Bàbá Láídé ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àròkọ yìí. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ní Ìkẹjà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, ó gbé tábìlì kékeré kan lọ sí ìtòsí Aláúsá, ó ń bá àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Láídé, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló sọ fún un pé àwọn òyìnbó ń wá irú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lóṣù àkọ́kọ́, dọ́là mọ́kànlá péré ló rí. Láídé ní ìkíni ló fà á, torí kò sí àròkọ tí bàbá rẹ̀ máa kọ tí kò ní kọ́kọ́ kí ẹni tó fẹ́ kà á.

"Bàbá, páìpù ilé ìgbẹ́ tó dí lẹ̀ ń kọ̀wé nípa ẹ̀ o!"

"Ẹni tí páìpù ilé ìgbẹ́ ẹ̀ dí," ni bàbá rẹ̀ dáhùn, "ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́?"

Bẹ́ẹ̀, ìkíni náà ló sọ ọ́ di olówó. Àwọn tó ń ka ìwé rẹ̀ ní ẹni yìí ń bá àwọn sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, owó tó ń wọlé fún un lóṣù kan tó owó ọdún méjì ní ilé iṣẹ́ abọ́.

Owó kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá Láídé gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó gbé iná olóòrùn sórí òrùlé, ni ẹnu bá ń kùn. Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn, ará Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ẹgbẹ́ onílé. Ó ránṣẹ́ pè é sípàdé.

"Bàbá Láídé, ẹ má bínú. Àbí Yahoo lẹ ń ṣe ni?"

"Àròkọ ni mò ń kọ."

"Àròkọ wo ló ń mú irú owó báyìí wá?"

Bàbá Láídé kò bínú. Ó yọ ìwé látinú àpò, ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àròkọ rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń wẹ ológbò fún wọn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ó ka wákàtí kan. Kò tíì dé etí ológbò nígbà tí alága na ọwọ́ sókè. "A bẹ̀ yín, ó tó. Ẹ kì í ṣe Yahoo. Kò sí ọmọ Yahoo tó lè jẹ irú ìyà yìí."

Kì í kọ ohun tí kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó kọ̀wé nípa bí a ṣe ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà nílùú òyìnbó, ó gba ọ̀dọ̀ Abdulkabir tó ń ta ẹja lọ, ó ní kó ti òun mọ́ inú yàrá oníyìnyín tó ń kó páálí ẹja sí.

"Bàbá, ẹ máa kú síbẹ̀!"

"Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, ṣí i."

Ìgbà tó jáde, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ju bó ṣe wà lọ. Ó lọ tààrà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ka àròkọ náà, ẹnu yà á, ó ní: "Ó dájú pé ẹ ti gbé inú yìnyín pẹ́. Ọdún mélòó?"

Bàbá Láídé kò lè purọ́. "Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún," ló fi ránṣẹ́ padà.

Àìlèpurọ́ yìí náà ló fẹ́ dá ìjà sílé. Ọkùnrin kan fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lọ̀ ọ́, owó tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni tíì fi lọ̀ ọ́ rí lórí àròkọ kan ṣoṣo, pé kó kọ̀wé pé àgúnmu kan ń wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá. Àtọ̀gbẹ ń bá Bàbá Láídé fúnra rẹ̀ fínra nígbà náà. Òrùlé ilé tún ń jò.

"Ṣé ìyá yín ti lò ó?" ló bi ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà ní kí ló kan ìyá òun. Bàbá Láídé ní òun ò ṣe. Wọ́n fi ẹgbẹ̀rún kan kún un. Modinat rò pé ó ń nájà bíi ti àtẹ̀yìnwá ni, ó ń dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Láídé, ẹnì kan á kà á, á sì da oògùn tí dókítà fún un nù. Ọ̀rọ̀ ni mò ń tà. Mi ò ta èèyàn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Modinat kò fi bá a sọ̀rọ̀, tí omi òjò ń kán sínú abọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé oúnjẹ wá, ẹja méjì ló wà lórí rẹ̀. "Mi ò tíì gbà pé ẹ gbọ́n o," ló wí. "Ẹja ló ṣẹ́kù."

Bàbá Láídé jáde láyé lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ tó wọlé. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kò sí orúkọ Làsísì lábẹ́ gbogbo àròkọ wọ̀nyẹn. Ẹni tó sanwó ló ń fi orúkọ tirẹ̀ sí i, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Modinat kò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, tí àlejò ti lọ tán, ó ní kí Láídé wá ọ̀kan jáde, kó kà á fún òun ní Yorùbá. Èyí tí Láídé rí dá lórí ọ̀dà ilé.

"Jẹ́nífà ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, màmá."

"Ta ni Jẹ́nífà?" Ohùn Modinat le.

"Ẹni tó sanwó ni. Bàbá ló kọ ọ́."

"Kà á ná."

Láídé kà á: "Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Bí o bá fẹ́ kun ilé, má bi ẹni tó ń ta ọ̀dà. Bi ìyàwó rẹ. Bó bá ní àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà lòun fẹ́, rà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ojú rẹ á ti mọ́ ọn. Bí o kò bá rà á, ogún ọdún lo máa fi gbọ́ ọ."

Modinat rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó wá gbójú sókè wo ògiri pálọ̀. Àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà ni. Ó na ọwọ́, ó rọra fi pa ògiri náà.

"Òun rèé," ló wí. "Jẹ́nífà kankan ò sí níbẹ̀. Kà á lọ."