Ọkọ Ọmọ Mi Tí Kì í Dúró De Àgbà

Ẹ forí jì mí tí mo bá fo nǹkan, iyè mi ti ń ra. Ṣùgbọ́n ohùn ọkọ ọmọ mi ò kúrò létí mi: "Ó ti wọlé, Bàbá."

Òun ló ṣí ojú ewé fún ìdílé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ẹbí lè kà. Tá a bá ń ṣèpàdé, á máa tẹ ọ̀rọ̀ wa sínú kọ̀mpútà. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi, àmọ́ ìka rẹ̀ kì í dúró de ẹnu mi.

Lọ́jọ́ tá a ń jiyàn lórí oko ọ̀pẹ wa ní Erinje, tí àwọn ọmọ ìyàwó kejì bàbá wa ní tàwọn ni, inú bí àbúrò mi, ó pariwo: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ!"

Èmi àgbà ò tíì lanu. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ ò tíì tán nìyẹn.

Mo ní, "Má kọ ìyẹn o."

"Ó ti wọlé, Bàbá. Mo ti ṣe é kó máa fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sójú ewé wa fúnra ẹ̀. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti rí i."

"Ta ló ní kó o ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti ń gé ẹyìn wa.

Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi tẹ ìtàn yìí, má tíì fi èyí pamọ́. Kọ́kọ́ kà á sókè kí n gbọ́.