Omi Tí Mo Kọ̀ ní Massè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Massè, ní agbègbè Adja-Ouèrè lódìkejì ibodè, kò lè parẹ́ lọ́kàn mi. Láti Ìbàdàn ni mo ti lọ wá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹbí kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé. A kò rí ara wa rí.

Bí mo ti wọ agboolé láàárọ̀, ìyá àgbà kan gbé igbá omi wá. Mo sọ pé mo ní tèmi nínú ike. Mo fẹ́ sọ ẹni tí mo ń wá, ìyá ní, "Sinmi ná, ọmọ mi."

Àwọn ará ilé ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú mi, wọ́n ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀bẹ rẹ ì bá mú bí ẹnu rẹ, à bá ti bó o tán!" Èmi akọ̀ròyìn tí mo ń fi ìbéèrè jẹun, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan títí ọ̀sán fi pọ́n.

Mo lọ bá ìyá. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Àlejò tí kò mu omi kò tíì dé. Ta ló máa bi í léèrè ọ̀rọ̀?"

Mo gba igbá, mo mu omi náà tán. Ìgbà náà ni wọ́n tó béèrè ẹni tí mo ń wá. Mo dárúkọ.

Bàbá arúgbó kan sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. "Èmi nìyẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti rí i pé o jọ àbúrò mi. Ṣùgbọ́n o kọ omi wa, mo ní, 'Kì í ṣe tiwa.'"