Káàdì Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fẹ́ Fi Owó Rẹ́ǹtì Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń kọ̀wé sí mi pé, "Aunty Ṣadé, kọ̀ǹpútà mi ti ń fà, ṣé kí n ra graphics card tuntun sí i?" Èmi náà á wá máa fèsì bíi dókítà. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kan èmi fúnra mi, mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ mí, ilé ni mo máa ń yà. Èmi kì í kọ́lé o, yíyà ni tèmi. Tí èèyàn bá ti ra ilẹ̀, tó fẹ́ mọ bí ilé ẹ̀ ṣe máa rí kó tó da owó sórí sìmẹ́ǹtì, á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Màá yà á sórí kọ̀ǹpútà, á rí pálọ̀, á rí yàrá, inú ẹ̀ á máa dùn.

Kọ̀ǹpútà mi ti dàgbà ṣá. Àwòrán tó dúró sójú kan, kò sí wàhálà, ó máa gbé e. Àmọ́ èyí tó ń rìn, tí ojú èèyàn á wọlé láti ẹnu ọ̀nà, á gba pálọ̀ kọjá lọ sí yàrá, bíi pé ó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, ìyẹn ló máa ń pa á. Graphics card inú ẹ̀, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà, ti kéré jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Bí mo ṣe ń bá a yí nìyẹn tí Bàbá Tíṣà fi wọlé wá lọ́jọ́ kan. Ọmọ Èkìtì ni Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Ìgàndó pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ nínú ilé tí wọ́n háyà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tiwọn ní Baruwa díẹ̀díẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń kọ́lé: gírátúítì ra búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí sìmẹ́ǹtì tó dé.

Bàbá ní òun fẹ́ kí n ya ilé náà, àmọ́ òun ò fẹ́ èyí tó dúró. Èyí tó ń rìn lòun fẹ́. Mo bi í pé kí ló dé, ṣebí wọ́n ti ní pláànù lọ́wọ́? Ó wá sọ fún mi pé dókítà ti ní àrùn kan wà lójú Màmá, ìyàwó òun, pé èyí tó ti lọ nínú ìríran ẹ̀ ò lè padà wá mọ́, èyí tó kù náà sì ń dín kù láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní bí Màmá ṣe ń ríran báyìí, bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni.

"Ọmọ mi," ó ní, "ilé yẹn ò lè parí kí ojú ẹ̀ tó lọ. Mo fẹ́ kó rí i báyìí. Kó rí bó ṣe máa rẹwà tó."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹnu mi yá. Mo ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀, pé màá ṣe é. Ó ti jáde tán kí n tó rántí pé kọ̀ǹpútà mi ò lè ṣe é.

Mo gbìyànjú ẹ̀ ṣá. Mo to táìsì tó ń dán sílẹ̀, mo jẹ́ kí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, mo fi àwọn àga olówó ńlá sí pálọ̀. Bí mo ṣe ní kó máa rìn, kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Mo pa á, mo tún tàn án, ó tún dúró. Fáànù inú ẹ̀ ń ké bíi pé ó fẹ́ fò lọ. Inú bí mi débi pé mo gbá tábìlì, ọwọ́ ara mi ló sì dùn mí.

Mo bá pe Kazeem. Ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló máa ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, Ìkọ̀tún ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà. Ó ní káàdì mi ti di ìyá àgbà, kí n jẹ́ kó lọ sinmi, pé tòkunbọ̀ kan wà ní Ìkẹjà tó máa gbé iṣẹ́ náà láìlàágùn. Nígbà tó sọ iye ẹ̀ fún mi, mo wá àga jókòó. Owó tí mo tọ́jú fún rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ kó lọ tán yẹn, lánlọ́ọ̀dù mi kì í sì í ṣe ẹni téèyàn ń bẹ̀.

Kazeem ní kí n má tíì ra nǹkan kan ná, pé òun máa yá mi ní tòun kí n fi dán an wò. Èèyàn gidi ni, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó dé, ó ki káàdì ńlá yẹn bọ inú kọ̀ǹpútà mi. Ó tún gbé àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà dání láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, torí ó ní tèmi ò lè bọ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀ yó. Kò sí iná lọ́jọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ló ń ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour." Èmi àti aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi la jọ ń lò ó.

Ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. Ilé Màmá yọ, táìsì ń kọ mànà, oòrùn ń rìn lórí ògiri. Mo rò pé orí mi máa wú! Mo sáré fi fídíò kékeré kan pamọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ ṣe èyí tó gùn ni jẹnẹrétọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀, gílóòbù di pupa, ó kú. A tún tàn án, ó tún kú. Aránṣọ yọjú wọlé, ó ní ṣé ẹ̀rọ ìlọta la gbé wọlé ni, àbí kí ló dé táyọ́ọ̀nù òun ò gbóná mọ́?

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Tí mo bá ra káàdì, mo máa ra àpótí iná. Tí mo bá ra àpótí iná, mo máa ra jẹnẹrétọ̀ tó tóbi. Ta ló wá máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ náà? Àwọn tó ń ṣe fídíò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé káàdì báyìí ló dáa, wọn ò dárúkọ jẹnẹrétọ̀ rí jàre.

Kazeem tú ẹrù ẹ̀, ó kó o lọ. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé mo ṣì fẹ́ rà á? Ojú Màmá ni mò ń rò. Mo ní màá bẹ lánlọ́ọ̀dù, màá máa dúró de ìgbà tí iná bá dé kí n tó ṣe é. Ká ní ìyá tèmi ni ńkọ́? Mo sọ fún Kazeem pé ká pàdé ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Bàbá Tíṣà mú Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsọ tẹ́lẹ̀. Obìnrin kúkúrú tí ohùn ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni, ó di apá ọkọ ẹ̀ mú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún Màmá ní àga tó sún mọ́ kọ̀ǹpútà jù. Mo wá gbé fídíò kékeré tí mo ti fi pamọ́ yẹn sí i.

Inú Bàbá dùn débi pé ó ń fọwọ́ tọ́ka. "Ṣó o rí i? Ṣó o rí bó ṣe ń dán?" Màmá fọwọ́ bo iwájú orí, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ká sọ òótọ́, ó dùn mí. Mo rò pé àga mi ni ò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi gbèjà àga nígbà tí Màmá ní, "Ọmọ mi, o ṣeun gan-an. Ṣó o lè bá mi pa oòrùn yẹn?"

Mo ní oòrùn wo, mà? Ó ní èyí tó wà nínú ilé yẹn. Ó ní ó ń gún òun lójú, àti pé táìsì tó ń dán yẹn ò jẹ́ kóun mọ ibi tí ògiri parí sí àti ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bàbá ní ṣé kò fẹ́ kó rẹwà ni?

Mo pa oòrùn. Mo yọ táìsì, mo yọ àga, mo yọ kọ́tíìnì. Màmá ní kí n jẹ́ kí ògiri funfun, kí gbogbo ilẹ̀kùn dúdú. Ohun tó kù lójú kọ̀ǹpútà dà bí ilé tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi yà, ojú sì ń tì mí. Mo ní kó máa rìn. Ó rìn o! Kọ̀ǹpútà àgbàlagbà mi, pẹ̀lú káàdì kékeré inú ẹ̀, ó ń rìn láìdúró, torí kò sí ẹrù lórí ẹ̀ mọ́.

Màmá sún mọ́ ọn títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ní kí n máa lọ díẹ̀díẹ̀. A dé kíṣìnì, ó ní kí n padà sẹ́nu ọ̀nà. A tún dé kíṣìnì, ó ní kí n tún padà. A ṣe é títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro mí. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé kí lobìnrin yìí ń wá gan-an?

Ìgbà tí mo wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo rí i pé Màmá ti di ojú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó ń fi wá ọ̀nà nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ògiri lọ. Á sọ pé, "Pálọ̀ tán. Ọ̀tún. Kíṣìnì nìyí." Á wá lajú wò ó bóyá òun gbà á. Ó ń gbà á.

Ó kọjú sí mi. "Kì í ṣe ẹwà ẹ̀ ni mo wá wò, ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ ilé náà kí ojú mi tó lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ kiri nínú ilé ara mi."

Bàbá Tíṣà kọjú síta, ó yọ háńkáṣíìfù. Èmi ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì, ẹkún ni mò ń sun níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni Màmá ní kí n sún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kíṣìnì, kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì tààrà, kóun lè bọ́ síta síbi odó òun láìyà síbì kankan. Ó ní ojú ọmọ Èkìtì bíi tòun lè lọ, iyán ò lè lọ. Òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ o, ẹ má fi mí ṣe ọ̀tá ará Èkìtì.

Mo pe Kazeem pé kó má wulẹ̀ lọ sí Ìkẹjà mọ́. Mo san rẹ́ǹtì. Màmá sì ń wá lọ́jọ́ Sátidé, à ń rìn nínú ilé funfun yẹn. Mo tún pláànù ṣe, mo fún Bàbá, Bàbá sì fún bíríkìlà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, owó díẹ̀ wọlé fún Bàbá, wọ́n gbé ògiri dé orí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n wá wò ó ní Baruwa. Kò tíì sí òrùlé, yanrìn ló wà nílẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti yí inú ẹ̀ ká kí Bàbá àti Màmá tó dé. Ojú Màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà yẹn.

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà, Màmá jọ̀wọ́ apá ọkọ ẹ̀. Bàbá fẹ́ tẹ̀ lé e, mo dì í láṣọ mú. Màmá gba pálọ̀ kọjá, ó yà sọ́tùn-ún, ó wọ kíṣìnì, ó lọ tààrà síbi tó yẹ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan búlọ́ọ̀kù. Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀.

Mo rò pé ó ti ṣìnà, gbogbo làálàá wa ti ṣòfò. Màmá ò kúrò lójú kan. Ó fọwọ́ pa ògiri náà sápá ọ̀tún, sápá òsì. Ó wá bèèrè bíríkìlà, bíríkìlà ní òun rèé, mà.

"Ta ló sún ilẹ̀kùn mi?"

Bíríkìlà ní díẹ̀ báyìí lòun sún un, kí búlọ́ọ̀kù má bàa ṣòfò, pé òun ò rò pé ẹnikẹ́ni máa mọ̀. Mo ṣí pláànù wò. Òótọ́ ni. Èmi tí mo ya ilé náà, tí ojú mi méjèèjì là kedere, mo ti kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, mi ò rí i.

Bàbá Tíṣà ò bá bíríkìlà jiyàn rárá. Ó ní, "Ẹ wó o. Ibi tí ìyàwó mi ní kó wà ni kẹ́ ẹ ṣí i sí." Wọ́n wó o lójú wa.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ra káàdì o. Tí owó bá dé, tí iná sì wà, màá ra tèmi. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbé owó rẹ́ǹtì jáde, ẹ jókòó ti ẹni tó máa wo iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló fẹ́ rí gan-an. Gbogbo wa là ń sáré ra ẹwà fún Màmá, kò sì sẹ́nì kan nínú wa tó bi í.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí: kí lẹ fẹ́ rà nígbà kan tó wá hàn pé èyí tó wà nílé ti tó? Màá ka èsì yín sétí Màmá lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣì ń wá. Kò rí kọ̀ǹpútà mọ́, èmi ni mo ń fẹnu júwe ọ̀nà fún un, torí ó ní yàrá àlejò lòun ò tíì mọ̀ dáadáa.