Fíìmù Tí A Wò Parí ní Oregun

Ẹ má rò pé àlá ni mo fẹ́ rọ́ fún yín. Ojú mi là kedere, oòrùn ọ̀sán sì ń mú ganrínganrín nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Omi nìkan ni mo mu lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́ kó gbà, ẹni tí kò bá sì fẹ́, kó ṣáà má lọ dán an wò.

Ìsọ̀ kékeré kan ni mo ní ní Ìkẹjà. Mò ń bá àwọn èèyàn gbé fídíò inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí fóònù: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jí mi láàárọ̀ yàtọ̀. Fíìmù Amẹ́ríkà ni, kì í sì í ṣe èyí tí gbogbo ayé mọ̀ o. Àwọn tí ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti gbàgbé ni mò ń wá kiri. Ti ẹlẹ́ṣin àti ìbọn, ti àtijọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ rárá, ti àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ara wọn nígbà tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí, títí dórí èyí tí ẹranko abàmì inú ẹ̀ jẹ́ rọ́bà lásán. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé àìsàn ló ń ṣe mí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Alíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún iná ṣe ní Agége, ló mú ìròyìn náà wá. Ó ní òun lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Oregun, òun sì rí agolo fíìmù tí wọ́n tò jọ gègèrè débi àjà. Ọkùnrin tó máa ń kó fíìmù fún àwọn ilé sinimá Agége láyé ọjọ́un ló ni wọ́n. Ó ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ ti ta ilé náà, ẹni tó rà á sì máa wó o kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ààtàn ni gbogbo ẹrù inú ẹ̀ ń lọ.

Mo ti ìsọ̀ mi pa lójú ẹsẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnu géètì. A kí wọn, a sọ ohun tí a bá wá. Wọ́n ní kò sí ẹjọ́, kí a máa kó ohun tí a bá fẹ́, àmọ́ kí a má jókòó wo nǹkan kan níbẹ̀. Mo béèrè ìdí ẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́tù omi wọn, wọ́n lọ kírun.

Inú ilé náà kún fún eruku. Àga ilé sinimá kan tí wọ́n ti wó wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, àwọn àga onírin tí ìjókòó wọn máa ń ká sókè fúnra ẹ̀ tí èèyàn bá dìde. Gbogbo wọn ló ká sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkọ̀ Alíù kéré, kò lè kó gbogbo agolo náà, mo sì ní láti mọ èyí tó ṣì dára. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé fíìmù sára ògiri wà nílẹ̀. Alíù tún un ṣe, ó fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ ìta, a pa ilẹ̀kùn dé kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn. Mo mú agolo kan tí kò lórúkọ lára, mo fi fíìmù inú ẹ̀ sẹ́rọ, a sì jókòó sí àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí irú fíìmù yẹn rí. Opó kan ni, èèyàn dúdú, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò sọdá odò. Òyìnbó kan fẹ́ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohùn inú fíìmù ti bàjẹ́, ẹnu wọn kàn ń mì ni. Ojú obìnrin yẹn kò jẹ́ kí n lè gbójú kúrò.

Obìnrin náà fẹ́ wọ inú ilé ẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́: "Má wọlé. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà wọlé. Òyìnbó náà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo rò pé Alíù ló sọ̀rọ̀. Òun náà rò pé èmi ni. Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí ìjókòó kan wálẹ̀, kì-ì-ì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ káàkiri inú òkùnkùn. Ẹnì kan wúkọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín kò sì tíì ṣẹlẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ti wo fíìmù náà rí.

Alíù di apá mi mú. Mo na ọwọ́ kí n pa ẹ̀rọ náà.

"Má pa á," ẹnì kan sọ ọ́ sí mi létí. "Kò tíì parí."

Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Ṣùgbọ́n mo wo obìnrin yẹn, mo sì rò ó pé bí mo bá sá, ààtàn ló ń lọ, kò sì sẹ́ni tó tún máa rí i láyé yìí. Mo jókòó padà. Mo gbé fóònù mi sókè, mo ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tí róòlù àkọ́kọ́ tán, mo fi ìkejì inú agolo náà sí i. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń dúró dè mí.

Ní ìparí, obìnrin náà fi ọ̀bẹ gé okùn ọkọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀, omi sì gbé e lọ. Ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn wa. Ògiri wá funfun báláú.

Àwọn ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè láti ẹ̀yìn pátápátá, gbà, gbà, gbà, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wọn ló ká tán, àfi tiwa àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alíù.

Mi ò yíjú. Alíù yíjú.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn, bàbá ti dé sẹ́nu géètì. Wọ́n wo ojú wa.

"Ṣé ẹ wò ó parí?"

Mo ní, "A wò ó parí, bàbá."

"Ó sàn fún yín bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo padà lọ o. Mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù, mo ń lọ mo ń bọ̀ títí tí mo fi kó gbogbo agolo náà tán. Wọ́n ti wó ilé náà báyìí. Mo ti gbé fíìmù opó yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan sì kọ̀wé sí mi láti Amẹ́ríkà pé àwọn rò pé ó ti sọnù títí láé. Àwòrán tí mo fi fóònù gbà náà ni, ṣùgbọ́n ní ti ohùn, ariwo ẹ̀rọ nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí ẹ̀rín, kò sí ẹkún.

Alíù kò bá mi padà síbẹ̀. Ó ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dá mi lóhùn lórí fóònù. Ó ní, "Orúkọ tí ìyá mi nìkan mọ̀ ni ẹni tó jókòó tì mí fi pè mí. Ó ní òun ti ń gba àyè sílẹ̀ dè mí ọjọ́ ti pẹ́." Ó sì gé ìpè náà.

Agolo tí mi ò tíì ṣí ṣì pọ̀ ní yàrá mi. Màá wo gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà tí ẹ fẹ́ràn irú nǹkan báyìí, ẹ máa wá wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jóná sórí ààtàn. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá jókòó tì yín nínú òkùnkùn, tó sì pè yín lórúkọ, ojú ògiri ni kí ẹ máa wò. Ẹ má dáhùn.