Ọ̀jọ̀gbọ́n Lahtela Kò Jẹ́ Ká Jẹun Níbi Òkú

Ọjọ́ tí a sin Ọ̀gbẹ́ni Gunderson ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Aune Lahtela di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká létí adágún wa ní Minnesota. A ti tò síwájú agbada ìrẹsì àti adìyẹ tí opó sè, ebi ń pa wá, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá yọ irin tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná jáde nínú báàgì, ó tì í bọ oúnjẹ.

“Láti àárọ̀ ni èyí ti wà nílẹ̀.”

“Aune, ibi òkú la wà o,” ni pásítọ̀ wí jẹ́jẹ́.

“Mo mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo la sì wá sin.”

Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Ọdún mẹ́fà gbáko ni opó náà fi bá a yodì, gbogbo wa la sì wà láàyè láti kà á.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni láti mọ àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, èyí tó ń pèsè májèlé nínú wọn, àti bó ṣe ń ṣe é. Ó tún ń kọ́ni bí àwọn kòkòrò náà ṣe ń bá ọwọ́ rìn káàkiri. Nígbà kan, ó fi ìyẹ̀fun tí kì í hàn sójú lásán pa ọwọ́ ilẹ̀kùn kíláàsì. Nígbà tó ṣe, ó tan iná aláwọ̀ àlùkò kan. Ìyẹ̀fun ń tàn lára ìwé, lára búrẹ́dì, àti nínú etí Tobias Rask, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ti búra pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

“Tobias, kí lo lọ wá nínú etí?”

“Ẹ má bínú, Mà. Imú tiyín ń kọ́?”

Imú rẹ̀ ń tàn bí àtùpà. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú pátákó, ó fi òdo sí i.

Nígbà ooru kan, omi adágún di àwọ̀ ewé, àmì pé kòkòrò olóró lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Verlyn Stroh, tó ni àgọ́ àwọn ọmọdé, ní wọn yóò lúwẹ̀ẹ́ dandan. Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sórí afárá onígi tí wọ́n ń gbà wọ omi.

“Ìgbà wo lẹ máa dìde?” ni Stroh béèrè.

“Tí èsì àyẹ̀wò bá dé. Ọ̀la ni.”

Ogójì ọmọ dùbúlẹ̀ tì í. Lọ́jọ́ kejì, Tobias mú èsì dé: májèlé inú omi náà pọ̀ tó láti ba ẹ̀dọ̀ ọmọdé jẹ́. Stroh kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Verlyn,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, “gbé mi dìde. Ẹ̀yìn mi ti kú.”

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dágbére fáyé lórí àga rẹ̀, ìwé ìdánwò wà lórí itan rẹ̀. Ti Tobias ló máàkì kẹ́yìn. Ó kọ sí i pé: “Kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n o ronú dáadáa. Wá rí mi ní Ọjọ́bọ̀.”

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Tobias wọ kóòtù, ó la yìnyín kọjá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì pa, ó sì tún ìdáhùn náà ṣe.